Turret press àti títún ọta ràífù kì: ohun tí àwọn ará wa ní Abuja máa ń bi mí

Ọdún 11 ni mo lò ní Texas, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń tún ọta ràífù kì lórí tábìlì nínú gáráàjì, ìyẹn ni pé kí a fi práímà (ohun kékeré ìdí ọta tó ń tanná ran ẹ̀tù), ẹ̀tù àti orí ọta tuntun sí ìkarahun tí a ti yìn. Láti ìgbà tí mo ti padà wá sí Kubwa, ó ṣòro kí n lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí òde kí ẹnì kan má fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bi mí nípa rẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ tó ń dẹ àgbọ̀nrín lọ́hùn-ún. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ọdẹ bíi tèmi, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè ṣe é nínú ilé mi níbí, ní Abuja?

Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà, Firearms Act, kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti máa ṣe ọta nílé, kò sì gbà kí a tò ó pọ̀. Ibi ìṣúra ohun ìjà ìjọba àti ibùdó tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ológun ni iṣẹ́ náà wà fún. Ẹ má sì rò pé ìgbà tí ọta bá parí tán ló ń di ọta lójú òfin. Nínú ìtumọ̀ tí òfin náà fún ọta, ẹ̀yà ara rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìkarahun idẹ pẹ̀lú práímà nínú àpò rẹ tó ẹjọ́.

Ràífù tó ń jẹ ọta 7.62mm, 9mm tàbí .300 ínṣì sì wà lára àwọn ìbọn ológun tí òfin yẹn kà sí èèwọ̀. Ọta .308 tí gbogbo èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni òun àti 7.62 ti àwọn ológun. Ilé iṣẹ́ DICON ní Kaduna, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ni ìjọba gbé iṣẹ́ ọta lé lọ́wọ́. Abuja yìí kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS sì ti fọwọ́ sí àdéhùn wọn lórí ìbọn kéékèèké àti ọta, ní oṣù kẹfà ọdún 2006.

Mi ò bá òfin yìí jà. Ẹni tó ń gba ọ̀nà Kaduna, tàbí tó ní ẹbí ní Zamfara, kò nílò kí n sọ ohun tí ọta tí kò ní àkọsílẹ̀ ti fojú èèyàn rí ní apá òkè ọya yìí.

Ta ni àlàyé yìí wá wà fún?

Ẹni tó wà níbi tí òfin ti gbà á. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kì ọta fún ìlò ara rẹ̀. Tó bá fẹ́ máa ṣe é tà, ìwé àṣẹ di dandan nìyẹn.

Ọmọ mi ń kàwé ní Houston. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ kọ́ òun. Ṣé kò léwu?

Màmá, ẹ pè é lónìí. Ẹni tó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ọmọ ilé ìwé tàbí físà àbẹ̀wò, òfin ibẹ̀ kò gbà kó ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi bó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ ìpínlẹ̀ kan tí kò tíì parí. Ẹni tó ní green card kò sí lábẹ́ ìdíwọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀ èyí. Wọ́n á bá ọ̀rẹ́ dé ibi ìyìnbọn, wọ́n á gbé ìbọn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e sí Instagram. Ọ̀ràn ìjọba àpapọ̀ ni, ó lè dé ẹ̀wọ̀n, ó sì lè ba ọ̀rọ̀ físà jẹ́ títí láé. Kó lọ bi agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Kí ni turret press gan-an?

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni, irin wúwo tí a fi bóòtù dè mọ́ tábìlì. Ó ní ọwọ́ gígùn kan. Tí ẹ bá fa ọwọ́ náà sílẹ̀, ọ̀pá irin kan á gòkè láti ìsàlẹ̀, á gbé ìkarahun ọta lọ bá dáì tó wà lókè. Dáì yìí ló ń ṣe iṣẹ́: ọ̀kan ń fún ìkarahun padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ó sì ń lé práímà àtijọ́ jáde, òmíràn ń ti orí ọta wọlé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó sọ ọ́ di turret ni orí rẹ̀. Orí náà rí roboto, ó ní ihò mẹ́rin sí mẹ́jọ, dáì kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá parí iṣẹ́ kan, ẹ ó yí orí náà, dáì tó kàn á wá dúró sókè ọ̀pá. Dáì kò kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ tò ó lẹ́ẹ̀kan, ó di òní, ó di ọ̀la, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ti Lee Classic ní ihò 4, Redding T-7 ní 7, Lyman All-American 8 ní 8.

Èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rà? Wọ́n ní èyí tó ń gba dáì kan ṣoṣo dára jù.

Èyí tó ń gba dáì kan ṣoṣo dára, ó le koko, òun ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ iṣẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ dáì kan láti fi òmíràn sí i, àyè àṣìṣe ti yọ nìyẹn. Èyí tó ń yí fúnra rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún nígbà kan náà, ọ̀pọ̀ ọta ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ojú yín kò ní lè tẹ̀lé gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Fún ràífù ọdẹ tí kò ju 30 ọta lọ ní ìrọ̀lẹ́ kan, turret ló bá ọwọ́ mu. Tó bá jẹ́ irú turret tí orí rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, ẹ yọ ọ̀pá tó ń yí i, kí ẹ máa fọwọ́ yí i. Ẹ ṣe iṣẹ́ kan fún gbogbo ìkarahun kí ẹ tó bọ́ sí èkejì.

Tábìlì wo ni kí n gbé e lé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, nítorí ibí ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe.

Tábìlì tí mo kọ́kọ́ lò, tábìlì ìkọ̀wé àtijọ́ kan ni, pákó rẹ̀ fúyẹ́. Mo de ẹ̀rọ mọ́ àárín rẹ̀. Ó dúró dáadáa tí mo bá fọwọ́ tì í. Nígbà tí mo wá ń fún ìkarahun .30-06 (irú ọta ràífù kan) padà sí ìwọ̀n, pákó náà ń tẹ̀ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá fa ọwọ́ ẹ̀rọ, mi ò sì rí i. Lẹ́yìn nǹkan bí 40 ọta, mo wọn gígùn wọn: kò sí méjì tó bára mu. Ẹ̀rọ ni mo fi sùn, mo sì tún dá dáì lẹ́bi. Bàbá aláwọ̀ funfun kan tó jẹ́ aládùúgbò mi ló wọlé, ó gbé ife omi sórí tábìlì, ó ní kí n fa ọwọ́ ẹ̀rọ. Omi inú ife náà yí gbìrì, ó dà sílẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó mu ìyókù omi rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ìdánwò ife omi yẹn ni mo fi ń dán gbogbo tábìlì wò títí mo fi kúrò níbẹ̀. Kí omi má ju kó gbọ̀n lójú lọ. Kí èyí lè rí bẹ́ẹ̀:

Ẹ gbé ẹ̀rọ sí ibi tí ẹsẹ̀ tábìlì wà gan-an, ẹ má gbé e sí àárín. Pákó orí tábìlì kó nípọn tó ínṣì kan ààbọ̀, kó sì jẹ́ igi líle. (Ẹni tó bá mọ ọjà pákó Dei-Dei mọ irú èyí tí mo ń sọ: pákó àpá tàbí ọ̀gànwó tí káfíńtà á máa kùn sí nítorí ó ń kún ayùn.) Bóòtù kó gba inú pákó kọjá sí ìsàlẹ̀, kí wáṣà fífẹ̀ àti nọ́ọ̀tì sì dì í mú lábẹ́, sukúrú igi á tú láìpẹ́. Tí ẹ bá rí irin pẹlẹbẹ kan fi sáàárín ẹ̀rọ àti pákó, ó dára púpọ̀. Kí ẹ wá fi irin dè tábìlì mọ́ ògiri.

Gíga rẹ̀ ńkọ́? Kí ọwọ́ ẹ̀rọ lè dé ìsàlẹ̀ pátápátá láì gbá yín lórúnkún, kí ojú yín sì lè wo inú ìkarahun láti òkè. Ìkejì yìí ṣe pàtàkì jù, mo máa sọ ìdí rẹ̀ tí a bá dé orí ẹ̀tù.

Báwo ni mo ṣe máa to dáì àkọ́kọ́?

Ìkarahun ọta ní ìdí, ó ní ara, ó ní èjìká, ó ní ọrùn. Tí ìbọn bá yìn, ìkarahun á wú, á gba àwòrán ihò tí ọta ń sùn sí nínú ìbọn yẹn. Iṣẹ́ dáì àkọ́kọ́ ni kó fún un padà. Kí ó fún un tó, kí ó má sì fún un jù. Bí kò bá fún un tó, ìbọn kò ní pa dé. Bí ó bá ti èjìká sẹ́yìn jù, ìkarahun á máa nà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yìn ín, ní ibì kan tó súnmọ́ ìdí, títí á fi já níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí èéfín gbígbóná á sì jáde sẹ́yìn síhà ojú ẹni tó ń yìnbọn.

Ìwọ̀n tí mo ń lò fún ràífù tí a ń fọwọ́ fà ni kí èjìká sún sẹ́yìn ní 0.05 mm. Ó tó irun orí tó tín-ín-rín. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì ara dáì sì jẹ́ 14 nínú ínṣì kan, nítorí náà tí ẹ bá yí dáì yípo lẹ́ẹ̀kan, ó ti sọ̀ kalẹ̀ ní 1.8 mm nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́jọ yípo kan jẹ́ 0.23 mm. Ẹ rí i pé ọwọ́ tí ẹ fi yí i lọ́nà àìbìkítà díẹ̀ ti kọjá ohun tí à ń wá ní ìlọ́po mẹ́rin.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Màá mú ìkarahun tí ìbọn mi gan-an yìn, màá fi fáníà (irin tí a fi ń wọn nǹkan tín-ín-rín) àti ohun èlò rẹ̀ wọn láti ìdí dé èjìká, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Màá dá dáì sókè díẹ̀, màá fún ìkarahun, màá wọ̀n ọ́n. Kò tíì tó? Màá yí dáì sísàlẹ̀ fín-ín-fín, màá tún fún un, màá tún wọ̀n ọ́n. Ó lè gba ìkarahun márùn-ún kí n tó bá a pàdé. Nígbà tó bá pé, màá fa ọwọ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ pátápátá, ìkarahun ṣì wà nínú dáì, ibẹ̀ ni màá ti fún òrùka tó ń ti dáì pa. Ìdí rẹ̀ ni pé orí turret máa ń gbé sókè díẹ̀ nígbà tí agbára bá wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó to dáì nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó to ohun tí kò ní rí bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.

Ìkarahun tó ti fẹ́ já máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ gbé e sábẹ́ iná: ẹ ó rí ìlà kan tó ń dán yípo ara rẹ̀, lókè ìdí díẹ̀. Ẹ tún mú wáyà tín-ín-rín, irú tí a fi ń di ìwé pọ̀, ẹ tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ẹ fà á gba inú ìkarahun láti ìdí wá sókè. Tó bá kọ́ sí kòtò kékeré kan, ẹ fi pílíyà tẹ ìkarahun náà pẹlẹbẹ kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò.

Ìkarahun kan há sínú dáì mi. Kí ni mo ṣe?

Ẹ kò fi òróró ìkarahun sí i tó ni. Ìkarahun ràífù kò dà bíi ti ìbọn ìléwọ́ tó rí gbọọrọ. Ó ní ọrùn, ara rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ irin gbígbẹ. Ẹ fi òróró náà pa ara rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Tó bá pọ̀ jù, òróró á kó sí èjìká, á tẹ̀ ẹ́ ní kòtò. Ẹ má fi ibínú fa ọwọ́ ẹ̀rọ; irin iṣẹ́ tí a fi ń yọ ọ́ wà lọ́jà.

Ìkarahun kan ní ihò kékeré méjì nínú ìdí, àwọn yòókù ní ẹyọ kan. Kí ló fà á?

Oníhò méjì ni wọ́n ń pè ní Berdan, oníhò kan ni Boxer. Abẹ́rẹ́ inú dáì á ṣẹ́ sára Berdan. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ṣé gígùn ìkarahun ṣe pàtàkì tóyẹn?

Ó ṣe pàtàkì. Idẹ máa ń ṣàn lọ sókè ọrùn. Ìkarahun .308 kò gbọ́dọ̀ gùn ju 51.18 mm lọ. A máa ń gé e sí 50.93. Tó bá gùn jù, ẹnu rẹ̀ á fún mọ́ orí ọta nínú ìbọn, ìfúnpá á sì lọ sókè kọjá ohun tí irin lè gbà.

Ẹ̀tù mélòó ni mo máa fi sí i?

Ẹ kò ní rí i kà níbí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù ló ń tẹ ìwé rẹ̀, pẹ̀lú irú ìkarahun, irú orí ọta, ibi ìbẹ̀rẹ̀ àti ibi tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gba iye ẹ̀tù lẹ́nu ọ̀rẹ́. Ẹ̀tù tí ọ̀rẹ́ ń sọ àti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jọ orúkọ, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àwọn bàbá wa tó ń lo ṣakabùlà mọ ẹ̀tù dúdú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀tù òde òní yàtọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ni grain, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí. Agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì, kí ó jẹ́ inú agolo tí wọ́n tà á. Ẹ fi òkúta ìwọ̀n tí ẹ mọ iye rẹ̀ dán òṣùwọ̀n wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti láàárín iṣẹ́. Ẹ pa fáànù. Atẹ́gùn rẹ̀ tó láti yí òṣùwọ̀n. Tí ilẹ̀ bá gbẹ bí ìgbà ọyẹ́ tiwa níbí, iná kékeré tó máa ń ta èèyàn nígbà tó bá ń bọ́ súwẹ́tà á mú kí èérún ẹ̀tù lẹ̀ mọ́ ike, òṣùwọ̀n á sì máa rìn fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ to gbogbo ìkarahun sínú pákó oníhò, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè kí orí ọta tó wọlé. Gíga ẹ̀tù inú wọn gbọ́dọ̀ bára dọ́gba bí omi inú ife tí a tò fún àlejò. Èyí tó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ tún un wọ̀n. Nítorí èyí ni mo ṣe ní kí tábìlì má ga ju ojú lọ. Alẹ́ ọjọ́ kan, fóònù dún nígbà tí mo ń da ẹ̀tù, láti Ìbàdàn ni. Nígbà tí mo padà, mi ò mọ ibi tí mo dé mọ́. Gbogbo 25 ni mo dà padà, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Dáì tó ń ti orí ọta wọlé ńkọ́?

Ẹ ṣe ọta kan tí kò ní ẹ̀tù, tí kò ní práímà, fún títò. Ẹ gbé e sókè, ẹ yí dáì sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó kan ẹnu ìkarahun, kí ẹ wá dá a sókè ní yípo kan, kó má baà fún ẹnu ìkarahun láìròtẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ọ̀pá àárín rẹ̀ ti orí ọta wọlé díẹ̀díẹ̀ dé gígùn tí ìwé sọ. Fún .308, odindi ọta kì í kọjá 71.37 mm. Ẹ tọ́jú ọta àtòṣe yẹn, ẹ kọ orúkọ sí i lára. Tí dáì bá yẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, òun ni ẹ ó fi dá a padà.

Ìyàwó mi lóyún, a sì ní ọmọ kékeré. Ṣé mo lè ṣe é nínú ilé?

Ẹ má ṣe é nínú ilé tí wọ́n ń gbé. Inú práímà ní òjé, eruku tó ń jáde lára ìkarahun tí a ti yìn ní òjé, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé àti ọmọ inú oyún jẹ́. Ẹ fi omi fọ ìkarahun dípò kí ẹ gbọ̀n wọ́n ní gbígbẹ. Ẹ má jẹun lórí tábìlì yẹn. Aṣọ tí ẹ fi ṣiṣẹ́, ẹ bọ́ ọ sí gáráàjì. Ẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kí ẹ tó gbé ọmọ. Ẹ wọ awò ojú tí ẹ bá ń fi práímà sí, ẹ má sì fi agbára tì í. Práímà kó wà lọ́tọ̀, ẹ̀tù lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ń bọ̀ wálé, ṣé mo lè kó ẹ̀rọ náà sínú ẹrù?

Ẹ̀tù àti práímà kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú rárá, ì báà jẹ́ inú báàgì ọwọ́, ì báà jẹ́ inú ẹrù ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìbọn, irin ni. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi ṣe níbí? Ẹ fojú inú wo ara yín ní pápákọ̀ òfúrufú Nnamdi Azikiwe, kí kọ́sítọ́ọ̀mù ṣí àpótí, kí wọ́n rí dáì tí wọ́n kọ .308 sí lára, kí ìkarahun kan tí ẹ gbàgbé sì já bọ́ láti inú ibọ̀sẹ̀. Ẹ yọ gbogbo àpò wò. Èmi fọwọ́ gba inú bàtà.

Tiyín dà báyìí?

Mo fi sílẹ̀ fún bàbá oní-ife-omi yẹn, òun pẹ̀lú dáì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lórí rẹ̀, bí mo ṣe tò wọ́n gẹ́lẹ́. Fáníà nìkan ni mo gbé wálé. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe léètì ní Apo, ó fi ń wọn ọ̀pá ẹ̀rọ ìlọta. Ó ti tó oṣù méjì tó yá a, mo sì fẹ́ gbà á padà lọ́sẹ̀ yìí.